Orúkọ sáyẹ́ǹsì òdòdó yìí kò tọ́: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Àdùkẹ́ Olódòdó:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Èmi ni mò ń tọ́jú àkójọ àwòrán òdòdó fún ẹgbẹ́ wa. Òdòdó kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Vinca rosea ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní Catharanthus roseus ló ń jẹ́. Ẹlòmíì kọ Catharanthus rosea. Ẹnì kan tún ní rárá, Vinca major ni. Mo fẹ́ tún un ṣe, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ yọ àṣìṣe àtijọ́ kí n fi tuntun sí i. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò? Ìwé ta ni kí n gbà gbọ́? Orúkọ àtijọ́ yẹn ńkọ́, ṣé kí n pa á rẹ́ ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ.

Bàbá Eléwé:
Àdùkẹ́, o káre tí o kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré pààrọ̀ orúkọ láìtíì mọ irú àṣìṣe tó wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ orúkọ lè ti ṣi òdòdó náà mú fún òmíràn. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ òdòdó náà dáadáa, àmọ́ orúkọ tí wọn ò lò mọ́ ló kọ. Ó tún lè jẹ́ lẹ́tà kan péré ló ṣì. Oògùn wọn ò dọ́gba. Bí o bá mú òdòdó tí wọ́n ṣì mú bí èyí tí orúkọ rẹ̀ kàn ti gbó, wàá fi orúkọ tuntun tó dán gbinrin sára ohun tí kì í ṣe òun rárá. Èyí burú ju kí o fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ lọ, torí pé ẹni tó bá rí i lẹ́yìn rẹ yóò rò pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ewéko náà fúnra rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Catharanthus roseus máa ń dúró ṣánṣán. Ewé rẹ̀ ń jáde ní méjì-méjì, wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n ń dán, ìlà tó la àárín ewé já sì funfun ju ara ewé tó kù lọ. Òdòdó rẹ̀ pín sí márùn-ún, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ọ̀pá òdòdó tó rí tóóró tó sì ní ihò nínú. Ó lè jẹ́ funfun tàbí kó pọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àárín rẹ̀ sì sábà máa ń pọ́n ju etí rẹ̀ lọ. Vinca major ní tirẹ̀ ń rá nílẹ̀ ni. Ẹ̀ka rẹ̀ gùn, ó ń tẹ̀, ibi tí orí ẹ̀ka náà bá sì ti kan ilẹ̀ ló ti ń ta gbòǹgbò. Òdòdó tirẹ̀ jọ búlúù tó fẹ́ di àlùkò.

Bí tìrẹ bá dúró ṣánṣán bí mo ṣe wí yìí, a jẹ́ pé ẹni tó kọ Vinca rosea kò ṣi ewéko mú. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1759. George Don wá gbé e sábẹ́ Catharanthus ní 1837. Ewéko kan náà ni, orúkọ ló yí. Ẹni tó kọ Vinca major nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nípa ewéko mìíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Igi:
Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí n gba ti Catharanthus rosea yẹn. Bí orúkọ kejì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ó gbọ́dọ̀ bá orúkọ àkọ́kọ́ mu, yálà akọ, abo tàbí èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo, bí gírámà Látìnì ṣe là á sílẹ̀. Vinca jẹ́ abo, ó gba rosea. Catharanthus jẹ́ akọ, ó gba roseus. Bí wọ́n bá gbé ewéko kúrò lábẹ́ orúkọ kan lọ sábẹ́ òmíràn, ìparí orúkọ kejì ní láti tẹ̀ lé e. Ọ̀nà yìí náà ni Eupatorium odoratum gbà di Chromolaena odorata. Ẹni tó bá pààrọ̀ orúkọ àkọ́kọ́ tó fi ìparí ti èkejì sílẹ̀ ti kọ orúkọ kan tí àkọtọ́ rẹ̀ kò bófin mu.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo èyí tó parí sí -us ló jẹ́ akọ. Abo ni wọ́n ka Ficus àti Quercus sí, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ Ficus elastica àti Quercus alba. Bí orúkọ kejì bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, kì í yí rárá. Ẹ wo Hibiscus sabdariffa: Hibiscus jẹ́ akọ, síbẹ̀ sabdariffa dúró bó ṣe wà. Ẹ má bá mi fọwọ́ kan irú ìyẹn.

Olówó Èrò:
Kí n fi kún ti ìparí orúkọ tó ti ara orúkọ èèyàn wá, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Bí wọ́n bá fi sọrí ọkùnrin, ó sábà máa ń parí sí -i tàbí -ii. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, -ae tàbí -iae ni. Rosa banksiae, ìyàwó Joseph Banks ni wọ́n fi sọrí, kì í ṣe Banks fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní banksii ti gba ẹ̀tọ́ obìnrin náà fún ọkọ rẹ̀. Irú àṣìṣe ìparí bẹ́ẹ̀, òfin orúkọ ewéko gbà kí wọ́n tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ orúkọ tuntun jáde, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ló ṣì ni ín.

Àdùkẹ́ Olódòdó:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti wo gbogbo àwòrán náà. Ó dúró ṣánṣán, ìlà funfun wà láàárín ewé rẹ̀, mo sì rí èso rẹ̀ tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ní méjì-méjì nínú àwòrán kan. Mo rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó kù: kí ni (L.) G.Don tí mo rí lẹ́yìn orúkọ náà? Ibo sì ni kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ìkànnì kan sọ báyìí, òmíràn sọ ohun mìíràn.

Bàbá Eléwé:
L. ni Linnaeus. Inú àmì àkámọ́ ló wà torí pé òun ló kọ́kọ́ sọ ewéko náà lórúkọ, G.Don tó wà níta ni ẹni tó gbé e wá síbi tó wà báyìí. Bí o bá rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo láìsí àkámọ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fi ewéko náà sí ló ṣì wà. Má yọ àkámọ́ yẹn o. Ẹni tó bá kọ Catharanthus roseus L. ń sọ pé Linnaeus ló fi sábẹ́ Catharanthus, Linnaeus kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni má fi L. rọ́pò L.f., torí ọmọ rẹ̀ ni L.f.

Onímọ̀ Àkójọ:
Ẹ̀gbọ́n, ti ìkànnì ni kí n sọ. IPNI, ìkànnì tó ń to orúkọ ewéko tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, máa sọ fún yín pé wọ́n tẹ orúkọ kan jáde, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ọdún àti ìwé tó wà. Kò sọ pé orúkọ náà ni kí a máa lò. Ọ̀pọ̀ ló ń rí orúkọ níbẹ̀, wọ́n á ní “ó wà ní IPNI, ó tọ́ nìyẹn”. Vinca rosea wà ní IPNI. Ó yẹ kó wà níbẹ̀, torí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lóòótọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí wọ́n gbà báyìí, ẹ lọ sí Plants of the World Online ti Kew, ọgbà ìwádìí ewéko ní London, tàbí World Flora Online. Wọ́n á fi èyí tí wọ́n gbà hàn yín, wọ́n á sì to àwọn tí wọn ò lò mọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jìnnà sí The Plant List, àkójọ orúkọ ewéko kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2013 ni wọn ò ti tún un ṣe mọ́, àmọ́ àwọn èèyàn ṣì ń tọ́ka sí i.

Bí ìkànnì méjì bá ta ko ara wọn, ẹ má dìbò. Ẹ lọ wo ìwé tí orúkọ náà ti kọ́kọ́ jáde. Biodiversity Heritage Library ti ya àwòrán ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ojú ìwé yẹn gan-an ni àkọtọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá ń fa ìjà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí oníǹkan ṣe kọ ọ́. Àmọ́ ẹ rántí pé àwọn orúkọ kan wà tí àpérò àgbáyé àwọn onímọ̀ ewéko ti dá àkọtọ́ wọn dúró lọ́nà kan pàtó. Wisteria nìyẹn: ẹni tí wọ́n fi sọrí ń jẹ́ Wistar, síbẹ̀ Wisteria pẹ̀lú e ni òfin dáàbò bò. Ẹ má “tún un ṣe” sí Wistaria.

Mọ́rẹ́nikẹ́ Ọgbà:
Mo fara balẹ̀ ka gbogbo rẹ̀, mo sì ní ohun tó ń dùn mí lọ́kàn. Àwa tí à ń gbin òdòdó, a ti kọ́ orúkọ wọ̀nyí sórí, a ti kọ wọ́n sára lébẹ́lì, a ti fi kọ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà ẹnì kan á ní kò tọ́ mọ́. Rosmarinus officinalis di Salvia rosmarinus. Sansevieria di Dracaena. Kí ló dé tí wọn ò lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀?

Bàbá Eléwé:
Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹjọ́ rẹ kì í ṣe kékeré, mi ò ní fojú fo ó. Àyẹ̀wò DNA ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé àárín àwọn Salvia gan-an ni Rosmarinus ti hù jáde. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n ní láti fọ́ Salvia sí wẹ́wẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ á sì yí. Wọ́n yí ìwọ̀nba díẹ̀ kí èyí tó pọ̀ lè dúró. Wo ohun tó tún ṣẹlẹ̀: kò lè di Salvia officinalis, torí Linnaeus ti fún ewéko mìíràn ní orúkọ yẹn láti 1753, òfin ò sì gbà kí ewéko méjì jẹ́ orúkọ kan. Spenner ti tẹ Salvia rosmarinus jáde tipẹ́tipẹ́, ní 1835, ìyẹn ni wọ́n mú. Ìwádìí tuntun ló jí orúkọ àtijọ́ dìde.

Àwọn tó ń ṣe òfin náà máa ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbin òdòdó. Wọ́n ti fẹ́ sọ àwọn Chrysanthemum inú ọgbà di Dendranthema nígbà kan. Àwọn èèyàn fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, wọ́n yí àpẹẹrẹ tí orúkọ náà rọ̀ mọ́ padà, àpérò 1999 sì fọwọ́ sí i. Chrysanthemum ló ṣì ń jẹ́ títí di òní. Coleus náà ti lọ di Solenostemon, ó lọ di Plectranthus, ó sì ti padà di Coleus scutellarioides. Ẹni tó kọ Coleus sára lébẹ́lì rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò fọwọ́ kàn án, ti wá kọ orúkọ tó tọ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn bẹ́ẹ̀. Àpérò Vienna ní 2005 fi orúkọ Acacia sílẹ̀ fún àwọn ti Ọsirélíà, àpérò Melbourne ní 2011 kò sì yí i padà. Àwọn ti Áfíríkà bọ́ sábẹ́ Vachellia àti Senegalia. Acacia nilotica di Vachellia nilotica, Acacia senegal di Senegalia senegal. Ó dun ọ̀pọ̀ nínú wa, ó sì yẹ kó dùn wá. Síbẹ̀ bí a bá ń kọ lébẹ́lì fún aráyé kà, ohun tí a jọ gbà la ó kọ, ká sì fi orúkọ àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Olùtọ́jú Ewé Gbígbẹ:
Ọ̀rọ̀ “ẹ̀gbẹ́” tí Bàbá sọ yẹn ni mo wá bá pàdé. Iṣẹ́ mi ni títọ́jú ewéko tí wọ́n fẹ̀ sórí bébà fún ìwádìí, ìlànà wa kò sì yí padà: a kì í pa orúkọ àtijọ́ rẹ́. A kì í fi ọ̀dà bò ó, a kì í fi bébà tuntun lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ìwé pélébé kan la máa ń gé, tí kò ní ásíìdì nínú, a ó fi yíǹkì tí kì í ṣí kọ orúkọ tuntun sí i pẹ̀lú àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ, a ó kọ det. (ìkékúrú ọ̀rọ̀ Látìnì fún “ó dá a mọ̀”), orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò àti ọdún. A ó lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ lébẹ́lì àtijọ́ níbi tí kò ti bo ewé. Bí ẹni tó wá lẹ́yìn bá gbà pẹ̀lú wa, á fi tirẹ̀ sí i. Bí kò bá gbà, á fi tirẹ̀ sí i náà. Mo mọ bébà tó ní irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ lórí ara wọn láti orí sí ìsàlẹ̀, ẹni tó bá sì kà wọ́n tẹ̀ léra yóò rí bí èrò àwọn onímọ̀ ṣe rìn.

Àdùkẹ́, ohun tó yẹ kí o ṣe sí àwòrán rẹ nìyẹn. Fi Catharanthus roseus (L.) G.Don ṣe orúkọ, kí o sì ṣí àyè kan sílẹ̀ fún “orúkọ tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀: Vinca rosea”. Ìwúlò rẹ̀ pọ̀ fún òdòdó yìí ju ọ̀pọ̀ òmíràn lọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí vinblastine àti vincristine tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí àtijọ́ lórí wọn ló sì ń pè é ní Vinca. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi orúkọ tuntun nìkan wá ìwé, ó máa pàdánù ìwọ̀nyẹn. Kọ ìdí tí o fi yí i padà pẹ̀lú. “Ó dúró ṣánṣán, àárín òdòdó pọ́n, ìlà àárín ewé funfun”, gbólóhùn kan tó báyìí tó.

Títílayọ̀:
Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ìbéèrè tó fara jọ ọ́. Òdòdó yẹ́lò kan wà tí ìwé kan pè ní Thevetia peruviana, òmíràn ní Cascabela thevetia. Báwo ni orúkọ kejì pàápàá ṣe yí? Mo rò pé orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ló ń yí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Igi:
Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi, ẹ̀gbọ́n, torí ó fi bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn ju ti Catharanthus lọ. Linnaeus sọ ọ́ ní Cerbera thevetia ní 1753. Òfin ní orúkọ kejì tó bá pẹ́ jù ni kí ó máa bá ewéko lọ síbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí. Wọ́n wá gbé e sábẹ́ Thevetia. Ó yẹ kó di Thevetia thevetia, àmọ́ òfin ewéko kò gbà kí orúkọ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn tó ń sọ ẹranko lórúkọ gbà á, ìdí nìyẹn tí Gorilla gorilla fi wà, àwa kò gbà á. Torí náà, wọ́n lọ mú peruviana, tí Persoon ti lò fún un. Nígbà tí Lippold gbé e sábẹ́ Cascabela ní 1980, ìdènà yẹn kúrò, thevetia ti 1753 sì gba ipò rẹ̀ padà. Ẹ kọ ọ́ ní Cascabela thevetia (L.) Lippold.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi èyí mú o. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní májèlé.

Bàbá Eléwé:
Ó ṣeun, ọmọ mi. Lórí májèlé yẹn, mo tún máa ń rí Datura àti Brugmansia tí wọ́n ń fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì, torí Datura ni wọ́n ń pe méjèèjì nígbà kan. Èyí tí òdòdó rẹ̀ bá kọjú sókè, tí èso rẹ̀ ní ẹ̀gún, Datura ni. Èyí tó bá di igi, tí òdòdó rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀, tí èso rẹ̀ kò ní ẹ̀gún, Brugmansia ni. Méjèèjì ni májèlé. Bí ẹ bá rí Datura arborea lábẹ́ àwòrán igi tí òdòdó rẹ̀ ń rọ̀, orúkọ àtijọ́ lásán ni, ẹ yí i sí Brugmansia arborea. Bí ẹ bá rí Datura stramonium lábẹ́ àwòrán igi yẹn kan náà, ẹni náà ṣi ewéko mú, ẹ kọ́kọ́ pè é kó tún àwòrán rẹ̀ wò.

Onímọ̀ Àkójọ:
Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe máa bá àwọn tó ni àkójọ sọ̀rọ̀ bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ má kọ “orúkọ yín kò tọ́” kí ẹ sì máa lọ. Ẹ kọ orúkọ tó wà níbẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹ kọ èyí tí ẹ rò pé ó tọ́, ẹ sọ irú àṣìṣe tó jẹ́, ẹ fi líǹkì ibi tí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Orúkọ kan nínú lẹ́tà kan.

Lórí iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń pín àwòrán ewéko àti ẹranko, ọ̀nà méjì ni. Bí ẹnì kan bá ṣi ewéko inú àwòrán rẹ̀ mú, ẹ fi èrò tiyín sábẹ́ àwòrán náà, kí àwọn mìíràn náà dá sí i. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ewéko náà fúnra rẹ̀ ló ti gbó, ẹ lọ sí ojú ìwé ewéko náà, ẹ ta àwọn alábòójútó lólobó níbẹ̀. Bí wọ́n bá yí i, gbogbo àwòrán tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa bá a yí. Lórí Wikipedia ẹ̀wẹ̀, ẹ má da ọ̀rọ̀ kọ sójú ìwé tuntun. Ẹ lo bọ́tìnì tó ń gbé ojú ìwé lọ sórí orúkọ tuntun, kí orúkọ àtijọ́ lè máa darí òǹkàwé síbẹ̀, kí ìtàn àwọn tó kọ ọ́ má sì sọnù.

Ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ àkọ́kọ́, kékeré fún èkejì, ẹ sì kọ méjèèjì ní lẹ́tà ítálíìkì bí ojú ìwé bá gbà á. Kò sí àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà nínú wọn. Bí ẹnì kan bá fi orúkọ Yorùbá sọ ewéko lọ́la, ẹ, ọ àti ṣ á pàdánù àmì wọn, bí ö ti àwọn ará Jámánì ṣe ń di oe.

Olówó Èrò:
Àtúnṣe kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní àkójọ ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ní àpérò Madrid, oṣù keje ọdún 2024, wọ́n dìbò pé kí caffra, caffrum àti irú wọn di affra, affrum, torí pé inú èébú tí wọ́n fi ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ó kan orúkọ tó lé ní igba. Erythrina caffra di Erythrina affra. Àkọtọ́ nìkan ló yí, kì í ṣe orúkọ tuntun, nítorí náà Thunb., ìyẹn Thunberg tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, ló ṣì máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ yí i sí affra lójú àwòrán, kí ẹ sì jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan ṣì mọ àkọtọ́ àtijọ́, torí òun ló ṣì wà lára gbogbo lébẹ́lì tí wọ́n kọ ṣáájú ìgbà náà.